Ìbọn Ẹyẹ Tí Kì Í Ṣe Ìbọn Ẹyẹ: Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Ìbọn Ọdẹ Àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Màmá òyìnbó tó ń tọ́jú fẹ́ kó kúrò nínú ilé ńlá bọ́ sí kékeré. Níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni wọ́n ti rí ìbọn bàbá ọkọ rẹ̀ nínú àpótí awọ kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọkùnrin kan tó máa ń ra ẹrù àlòkù ládùúgbò wọn ti yà wò ó. Ó ní ìbọn ẹyẹ lásán ni, òun á san ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, àánú wọn ló sì ń ṣe òun tóun fi fẹ́ san tó bẹ́ẹ̀.

"Àbúrò, ṣé iye rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́?"

Èmi ló wá bi torí ó mọ̀ pé ọdún mélòó kan ni mo fi gbé ẹrù ní ilé gbàǹjo kan níbí, àti pé ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ ìbọn wò ni mo máa ń fẹ́ dúró sí. N kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ìbọn o. Ẹrù ni mo ń gbé. Ṣùgbọ́n alábàárù tó bá pẹ́ lọ́jà, bó pẹ́ bó yá, á mọ iye tí wọ́n ń ta ata.

Fọ́tò àkọ́kọ́ fi ìbọn olójú méjì hàn, ọ̀pá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó tẹ̀ lé e fi igi ìdí ìbọn hàn, igi dáadáa, ó ti dúdú níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń kàn. Ẹ̀kẹta ló jẹ́ kí n gbé abọ́ ẹ̀bà sílẹ̀. Lórí ọ̀pá náà, àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké kan wà tí wọ́n ṣe é gbé dìde, tí wọ́n sì ṣe é tẹ̀ lélẹ̀. Wọ́n fín 50 sí ọ̀kan, wọ́n fín 100 sí èkejì. Yáàdì nìyẹn. Ta ló ń fi irin wọn yáàdì 100 kó tó yin ẹyẹ tó ń fò? Kò sí. Ẹyẹ á ti dé ìlú kejì. Irú irin bẹ́ẹ̀, ìbọn tó ń ta ọta ẹyọ kan sí ẹran ńlá ló ni ín.

Kí n tó sọ̀rọ̀ owó kankan, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ìbọn tó ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn láti ogójì ọdún lè ní kátíríìjì, ìyẹn ìdì ẹ̀tù àti ọta, nínú síbẹ̀. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan rí, níbi tí ẹnì kan ti gbé ìbọn bàbá rẹ̀ wọlé bí ẹni gbé agbòjò. Nígbà tí wọ́n ṣí i tí kátíríìjì sì yọjú, gbogbo wa tó wà nínú yàrá ọjọ́ náà la ti dọ̀bálẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé bí ìbọn bá ti darúgbó, òfin ti fojú fò ó. Ní Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ìbọn ti 1968 fi àyè sílẹ̀ lóòótọ́ fún ìbọn àtijọ́ tí èèyàn kàn gbé kọ́ bí ọ̀ṣọ́ tàbí ohun ìrántí. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní 2021 fi ààlà sí i: wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe ìbọn náà ṣáájú oṣù kẹsàn-án 1939, kí ó sì jẹ́ èyí tí à ń ti ẹnu rọ ẹ̀tù sí tàbí irú ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn, tàbí kẹ̀ kí kátíríìjì tó ń jẹ wà lára àwọn tí kò sí lọ́jà mọ́ tí ìjọba ti to orúkọ wọn. Ìbọn màmá yìí, oní-12 ni (bí ihò ọ̀pá ṣe fẹ̀ tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, màá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú). Kátíríìjì oní-12 ni wọ́n sì ń tà jù lọ fún ìbọn ẹyẹ lágbàáyé lónìí. Nítorí náà, bó tilẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ìbọn ni lójú ọlọ́pàá, kì í ṣe ohun àtijọ́. Ẹni tó fẹ́ fi owó ọwọ́ gbé e lọ yẹn, bí kò bá ní ìwé àṣẹ, ó ń wá ẹ̀wọ̀n fún ara rẹ̀ ni, ó sì ń wá wàhálà fún ẹni tó tà á fún un. Bí ẹni tó ni ìbọn bá kú, ọlọ́pàá lè fún ẹbí ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, tàbí kí wọ́n pe oníṣòwò ìbọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kó wá bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ wọn ti 1968 ní ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ ni ìbọn àtijọ́. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ṣakabùlà sì wà nínú ìkẹta pẹ̀lú àwọn ìbọn mìíràn tí à ń ti ẹnu rọ ẹ̀tù sí. Òun náà gba ìwé àṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè àjà bàbá àgbà ló ti ń sùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ó dáa. Kí ni ìbọn náà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ìbọn ọdẹ sọ́nà méjì. Àwọn kan wà tí inú ọ̀pá wọn dán bíi ti páìpù omi. Ṣakabùlà wà níbẹ̀, ìbọn ẹyẹ ti òyìnbó náà wà níbẹ̀: ọta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fọ́n jáde bí ẹni da àgbàdo fún adìyẹ, ọ̀kan á ṣáà ba ẹyẹ. Èkejì ni ràìfù. Inú ọ̀pá tirẹ̀, wọ́n wa poro tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, poro náà sì ń lọ́ yípo bí okùn tí a lọ́. Ọta ẹyọ kan ló ń gbà á kọjá, poro á sì mú un yí kó tó jáde. Ọmọdé tó bá ti ta òkòtó rí ti mọ ìdí rẹ̀: bí òkòtó bá ṣì ń yí, kì í ṣubú. Ọta tó ń yí náà kì í ṣe ségesège lójú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ràìfù fi ń ba nǹkan lọ́nà jíjìn tí ìbọn inú dídán kò lè dé.

Wàhálà àwọn ọdẹ òyìnbó tó ń lọ sí India àti Áfíríkà láyé ọjọ́un ni pé igbó kì í sọ ohun tó máa pàdé ẹni. Èèyàn lè jáde torí ẹtu àti awó, kí ó bá ẹfọ̀n lójú ọ̀nà. Ìbọn ẹyẹ kò lè ran ẹfọ̀n, ràìfù náà kò sì dára fún awó tó ń fò. Gbígbé ìbọn méjì kiri kò rọrùn. Ní 1885, ọ̀gágun kan, George Vincent Fosbery, gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan. Ọmọ ogun ni, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross fún ìjà kan ní ààlà India ní 1863. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn débi pé ó ń bí èèyàn nínú pé ẹlòmíràn kò ti ronú kàn án: ó jẹ́ kí inú ọ̀pá dán láti ìdí títí dé ẹnu, ó wá wa poro sí ìwọ̀n ínṣì méjì péré tó gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fi ọta wẹ́wẹ́ sí i, á fọ́n bíi ti ìbọn ẹyẹ. Bí wọ́n bá fi ọta ẹyọ kan sí i (ti oní-12 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 48, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyin adìyẹ kékeré), á yọ̀ gba inú dídán náà kọjá, poro ẹnu ọ̀nà á gbá a mú, á yí i, á sì ta á jáde bíi ti ràìfù. Títí dé yáàdì 100, ó ń ṣe déédéé. Holland & Holland ti London ló ra ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ìbọn ọ̀hún ní Paradox.

Ohun tó ń da àwọn tí kò mọ̀ ọ́n láàmú nìyẹn. Wọ́n á ṣí ìbọn, wọ́n á ti ìdí wo inú rẹ̀, wọ́n á rí i pé ó ń dán, wọ́n á ní ìbọn ẹyẹ ni. Poro wà ní ẹnu níbi tí wọn kò dé. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí oníṣòwò tó máa wá bá wọn tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ọ̀pá méjèèjì, lẹ́yìn tó bá ti rí i dájú pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo ìbọn tó ní poro lẹ́nu ni Paradox o. Ẹ̀tọ́ lórí ohun tí èèyàn dá sílẹ̀ kì í ju ọdún 14 lọ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Bó ṣe di 1899 báyìí, ilẹ̀kùn ti ṣí, àwọn oníbọn mìíràn sì rọ́ wọlé. Westley Richards ní tirẹ̀ tó pè ní Explora àti Fauneta. Ti Charles Lancaster yàtọ̀ pátápátá, Colindian ló ń jẹ́: kò wa poro kankan, ihò rẹ̀ ni kò rí róbótó, ó rí bí ẹyin díẹ̀, ó sì ń lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu. Ẹni tó bá ń wá poro nínú ìyẹn, á wá a títí, á ní inú rẹ̀ dán, á sì tà á lọ́pọ̀. Gbogbo wọn ló níye lórí, ṣùgbọ́n orúkọ Paradox gan-an pẹ̀lú ti Holland & Holland ló ń mú kí ọwọ́ máa gòkè jù nínú gbàǹjo.

Nọ́ńbà 12 yẹn náà máa ń ru àwọn èèyàn lójú. Kì í ṣe ìwọ̀n ínṣì, kì í ṣe ti mìlímítà. Bí a bá yọ́ òjé tó wúwo tó pọ́n-ùn kan, tí a sì fi ṣe bọ́ọ̀lù róbótó méjìlá tó dọ́gba, bọ́ọ̀lù kan á wọ inú ọ̀pá oní-12 gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ péré, bọ́ọ̀lù á tóbi sí i, oní-8 nìyẹn. Torí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni ihò ń fẹ̀. Paradox oní-12 ló pọ̀ jù. Oní-10 àti oní-8 tí wọ́n ṣe fún ẹranko tó lè pa èèyàn kò pọ̀ bẹ́ẹ̀, oní-20 náà kò pọ̀.

Báyìí, òǹtẹ̀. Bí mo bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo kọ́ ẹni tó fẹ́ mọ ìbọn àtijọ́, òǹtẹ̀ ni màá fi kọ́ ọ. Orúkọ tí wọ́n fín sára ìbọn lè purọ́. Liège ní Belgium ṣe ìbọn olówó pọ́ọ́kú láìmọye tí wọ́n kọ orúkọ tó jọ ti oníbọn ńlá sí, wọ́n á yí lẹ́tà kan padà báyìí kí ẹjọ́ má bàa kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ilé ìdánwò, ìjọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìbọn tó jáde, wọ́n á gbé e lọ síbẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú rẹ̀, wọ́n á yìn ín. Èyí tó bẹ́, ó bẹ́. Èyí tó dúró, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹgbẹ́ àwọn oníbọn London ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún 1637 tí ọba fún wọn ní ìwé àṣẹ. Birmingham dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1813.

Ẹ ò ní rí òǹtẹ̀ wọ̀nyí níta. Abẹ́ ọ̀pá ni wọ́n wà, níbi tó máa ń pàdé ara ìbọn, èèyàn gbọ́dọ̀ tú u kí ó tó rí wọn. Ti London ní GP tó so kọ́ra lábẹ́ adé. Ti Birmingham, títí di 1904, ọ̀pá àṣẹ ọba méjì tó gba orí ara wọn kọjá ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo BP, BV àti NP lábẹ́ adé. Bí ẹ bá rí ELG nínú ohun tó rí bí ẹyin, Liège ni ẹ wà. Ti Jámánì, láti ìgbà òfin wọn ti 1891, lẹ́tà G lábẹ́ adé túmọ̀ sí pé ọ̀pá náà ní poro nínú. Àwọn ará Jámánì kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹni tó lè kàwé. Láti inú irú àwọn àmì yìí ni èèyàn ti ń mọ ìwọ̀n ọdún tí ìbọn jáde, ibi tó ti wá, àti bóyá ẹ̀tù dúdú nìkan ni wọ́n fi dán an wò tàbí ẹ̀tù òde òní tó le ju ìyẹn lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí kan owó gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìbọn fún ọdẹ lónìí á san owó jù fún èyí tí wọ́n ti dán wò pẹ̀lú ẹ̀tù òde òní.

Nǹkan mìíràn tún wà nídìí òǹtẹ̀. Bí ìpẹtà bá wọ inú ọ̀pá, àwọn alágbẹ̀dẹ kan á ha á títí á fi dán. Bí wọ́n bá ti ha á kọjá ìwọ̀n, ìbọn náà ti bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò tó ṣe, títà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì lòdì sí òfin Gẹ̀ẹ́sì láti 1868, àfi kí wọ́n tún gbé e padà lọ dán wò. Fún Paradox, ìbànújẹ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n ínṣì méjì ẹnu yẹn ni gbogbo iye rẹ̀ wà. Alágbẹ̀dẹ tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ha poro náà kúrò torí kí ìbọn lè fọ́n ọta dáadáa, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi sọ ìbọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn di èyí tí alálòkù yẹn fẹ́ rà.

Èyí mú mi dé orí ohun tó máa ń dùn mí jù: fífọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má gbé sáńpépà sún mọ́ ọn, ẹ má fi nǹkan tó ń mú irin dán kùn ún, ẹ má fi fáníìṣì kun igi rẹ̀. Ìbọn tuntun máa ń ní àwọ̀ lára irin, àwọ̀ aró, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ eérú, tó ti inú iná ẹyín egungun wá nígbà tí wọ́n ń mú irin náà le. Àwọ̀ yìí ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyókù rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni àwọn olówó máa ń fi awò wò, tí wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fi ọjọ́ Sátidé kan nù ún dànù torí kó lè dán lójú oníbàárà, kò sí ẹni tó lè bá a dá a padà. Nínú ọjà ìbọn àtijọ́, ìbọn tó rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnì kankan kò dà láàmú máa ń lé èyí tó ń dán yanran sẹ́yìn. Aṣọ òkè àtijọ́ náà ni: ta ló ń fi bílíìṣì fọ ẹtù ìyá rẹ̀?

Àwọn súkúrù máa ń sọ̀rọ̀ ju olówó wọn lọ. Lára ìbọn Gẹ̀ẹ́sì tó dára, ìlà orí súkúrù kọ̀ọ̀kan dojú kọ ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀pá, bí àwọn ọmọ iléèwé lórí ìlà. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n dojú kọ oríṣiríṣi ọ̀nà, tí ẹnu wọn sì ti já, ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ ìdáná tú u rí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà. Ó yẹ kí nọ́ńbà tó wà lára ìbọn bá èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pá mu, kó sì bá ti igi iwájú mu. Bí kò bá bára mu, ìbọn méjì ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan.

Ní ti ọ̀pá tó ní àwòrán bí omi tó ń ṣàn lára, tí wọ́n ń pè ní Damascus, kì í ṣe wúrà. Irin àti irin líle tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni, ó lẹ́wà, àìmọye ìbọn ló sì ní in láyé ìgbà yẹn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n kàn ya àwòrán rẹ̀ sára ọ̀pá lásán.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti dúró, ìtàn wá kù. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn: bàbá àgbà fi pa erin, bàbá àgbà bá ọba kan lọ ṣọdẹ. Ìtàn tí kò ní ìwé, àlọ́ ni lójú olùrà. Ohun tó ń sọ ọ́ di owó ni fọ́tò tí ìbọn náà wà nínú rẹ̀, lẹ́tà tó dárúkọ nọ́ńbà rẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì inú àpótí, lẹ́tà orúkọ ẹni tó ni ín lórí wúrà tàbí fàdákà kékeré tó wà nínú igi ìdí. Holland & Holland ṣì ní ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ìbọn tí wọ́n tà; èèyàn lè fi nọ́ńbà béèrè, kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú ìwé wọn. Àdírẹ́sì tí wọ́n fín sára ọ̀pá náà ń ṣèrànwọ́: 98 New Bond Street ni wọ́n wà láyé Paradox. Àpótí náà kì í ṣe pálí tí à ń jù nù. Ó ní àyè fún ohun kọ̀ọ̀kan: ọ̀pá ìfọ̀, ìgò òróró, àti ohun tí wọ́n fi ń rọ ọta òjé, tó rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Àpótí tó pé pẹ̀lú gbogbo nǹkan inú rẹ̀ lè gbé owó ìbọn ga gan-an.

Ẹ kíyè sí irin ìfojúsùn tó wà lẹ́nu ọ̀pá pẹ̀lú. Nínú àwọn ràìfù àtijọ́, eyín erin ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀kán funfun orí rẹ̀. Òfin Eyín Erin ti 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 ní Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà kí èèyàn ta eyín erin, àfi àwọn nǹkan kan tí wọ́n yọ sílẹ̀, lára wọn ni ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú 1947 tí eyín erin inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ̀kán tí kò tó hóró ìrẹsì á bọ́ sínú àyè yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó sì sanwó.

Èwo wá ni iye? Ìbọn kan ní iye mẹ́ta, àìmọ̀ èyí ló sì ń fa ìjà láàárín ẹbí. Èkíní ni èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ìdójútòfò, ìyẹn iye tí èèyàn á fi rà á padà ní ṣọ́ọ̀bù bí olè bá gbé e lọ. Òun ló ga jù, kò sì sí ẹni tó máa san án fún yín. Èkejì ni èyí tí òòlù gbàǹjo bá lù lé lórí. Ilé gbàǹjo á yọ tiwọn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, wọ́n á tún gba òmíràn lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà, torí náà iye tí ẹni tó rà á san àti iye tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tà á máa ń jìnnà síra wọn. Ẹ̀kẹta ni iye tí oníṣòwò máa fi ra á lọ́wọ́ yín lónìí kó lè tún un tà lọ́la. Òun ló kéré jù, kò sì fi dandan jẹ́ ìrẹ́jẹ, torí oníṣòwò náà ní háyà ṣọ́ọ̀bù. Ìbọn ẹyẹ olójú méjì lásán tí Birmingham ṣe lọ́pọ̀ yanturu kì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan nínú gbàǹjo lóde òní. Paradox tó pé, ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni ti tirẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà "kò wọ́pọ̀" tàn yín. Ohun tó ṣọ̀wọ́n tí kò sí ẹni tó ń wá a, ẹrù ilé ni. Mo ti rí ìbọn kan tó jẹ́ pé bóyá ni irú rẹ̀ mìíràn ṣì wà, ẹ̀rọ rẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀ débi pé kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́wọ́ sókè, ẹni náà sì rà á pẹ̀lú owó tí kò tó ra fóònù. Paradox ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń wá a sì pọ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni owó wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa rò ó báyìí: ṣakabùlà bàbá àgbà mi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n kó wá sí etíkun wa láyé òwò, Birmingham àti Liège ló ti wá, wọ́n ṣe wọ́n lọ́pọ̀ ní olówó pọ́ọ́kú, àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà sì rọ púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ọjọ́ orí nìkan kò sọ ọ́ di ohun olówó. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìtàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tó sì parí ní 1893, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó ló wá ràìfù tí à ń ti ìdí ki ọta sí fún àwọn ará ilé, Ìbàdàn sì jẹ ìyà ohùn ìbọn náà. Bí ìbọn irú rẹ̀ bá wà nínú ilé yín, pẹ̀lú ẹ̀rí ẹni tó ni ín àti ibi tó gbà dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má gbé e fún oníbàárà ojú títì. Gbígbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ dé ilé màmá òyìnbó. Ó tú ìbọn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni gbọ́ orúkọ ọmọ tó ti sọnù. Poro méjèèjì mọ́. Nọ́ńbà bára mu. Ìlà orí súkúrù tò lọ́nà kan náà. Ó kọ rìsíìtì, ó gbé e lọ sí ibi tó tọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àpótí náà tẹ̀ lé e. Ohun kan ṣoṣo ló fi orí mì sí: nínú àpótí, àyè kan ṣófo, ó rí bí ẹ̀mú. Màmá ní òun kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ rí.

Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ẹ̀gbọ́n tún fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Màmá jókòó sẹ́bàá iná, àwo àsálà òyìnbó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi irin kan fọ́ wọn, irin tó ní òun ti ń lò nínú ilé ìdáná láti ìgbà tí òun ti ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n ti fi àwọ̀ pupa yí irin náà po. Mo fẹ fọ́tò náà sójú fóònù. Èérú àti òróró ti bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 12 ṣì hàn, lẹ́tà mẹ́rin tó ṣáájú sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: P, A, R, A.